Má Kúrò Nídìí Àwọn Ìwé Yẹn Nítorí Tèmi

Mọ̀wò, Àgbádárìgì
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ẹlẹ́ní,

Ara mi le. Mo ti mu ẹ̀kọ, mo sì ti lo oògùn ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o má baà máa wá àìsàn kiri nínú lẹ́tà yìí, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá húkọ́ lórí fóònù, wàá ti máa béèrè ọkọ̀ Àgbádárìgì.

O pè mí lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní wọ́n ti gbé ọ lọ sí yàrá kan nínú ilé ìkàwé yín ní Àbújá, níbi tí ìwé àwọn àjọ tí ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ wà. O ní eruku bo ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í yà síbẹ̀. Ọ̀gá rẹ sì ní kí o kọ èrò rẹ sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí o sọ èyí tó máa dúró àti èyí tí wọ́n máa kó dànù, torí pé gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ń gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo ń mi orí. Ìgbà náà lo wá sọ èyí tó kù: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí n máa bọ̀ nílé. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín láti ìgbà tí Màámi ti lọ?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ọmọ mi. Èmi ni mo pa fóònù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ìyókù ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, nítorí náà, fara da ìkọ̀wé mi. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ wò díẹ̀. Jẹ́ kí n fà ọ́ lọ́wọ́ débẹ̀.

O mọ̀ pé ilé ìkàwé ni èmi àti ìyá rẹ ti pàdé, ṣùgbọ́n o ò gbọ́ ọ tán rí, nítorí bí ìtàn bá ti dé ibì kan báyìí, ìyá rẹ á bú sẹ́rìn-ín, èmi á sì wá nǹkan tí mo máa lọ ṣe lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí mo dé Àgbádárìgì láti Ìsẹ́yìn, n kò gbọ́ èdè Ègùn, n kò sì rí òkun rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan létí títì márosẹ̀ ló gbà mí sí ilé ìkàwé rẹ̀. Igun kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dọ̀ Àwọn Àlejò. Ìwé àwọn àjọ àwọn ìjọba ló wà níbẹ̀. Àjọ wọ̀nyí ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àpò lórí àpò, àwọn kan láti òkè òkun, àwọn mìíràn láti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá. Bí àpò bá dé, ọ̀gá wa, ará Abẹ́òkúta tí kì í bọ́ fìlà, á ké sí mi pé, "Ọmọ Ìsẹ́yìn, wá gba àwọn àlejò rẹ." Afẹ́fẹ́ òkun máa ń ti ojú fèrèsé wọlé, á máa ṣí ojú ìwé fúnra rẹ̀ bí ẹni ń kà á. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ìwé tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti mú, mo máa ń tún di ọ̀dọ́mọkùnrin fún ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀sán kan báyìí ni ìyá rẹ wọlé. Ẹní kíká wà lórí rẹ̀, kò sì sọ̀ ọ́.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ibí ni wọ́n ń kó ìwé ìjọba sí?"

"Ibí ni, mà. Ìjọba wo?"

"Gbogbo wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa ń gbé ẹní láti Apá, ìlú òun, lọ tà ní Kutọnu. Àwọn tó ń pààrọ̀ owó sẹ́fà ní ibodè Sẹ̀mẹ̀ ló sọ fún òun pé àwọn ìjọba agbègbè wa ti jọ fẹnu kò, pé ẹni tó bá gbé ohun tí wọ́n fọwọ́ hun nílùú rẹ̀ kọjá ibodè kò ní san owó ẹrù mọ́. Lójú ọ̀nà, lápá ibí àti lápá ọ̀hún, àwọn aṣọ́bodè ń sọ pé àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Mo fẹ́ fojú ara mi rí ìwé ọ̀hún. Bó bá jẹ́ irọ́, kí n mọ̀ pé irọ́ ni."

Mo lọ sídìí àpótí káàdì. Mo wá a lábẹ́ orúkọ ìjọba orílẹ̀-èdè wa, mo yẹ ọ̀rọ̀ ẹrù wò, mo yẹ ọ̀rọ̀ ibodè wò. Mo padà wá.

"Kò sí, mà."

"Kò sí ni, àbí ẹ ò mọ ibi tó wà?"

Ibi tí ìyá rẹ máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, nítorí ó ní bí mo ṣe la ẹnu, eṣinṣin lè wọlé kó jáde.

Àbẹ̀kẹ́, gba èyí ṣe èkíní. "Kò sí" àti "mi ò mọ ibi tó wà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ń sọ èkíní nígbà tó yẹ kó sọ èkejì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé ìjọba ni ìjọba. Ṣùgbọ́n àjọ tí ìjọba púpọ̀ dá sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé ìjọba kan ṣoṣo. Ó ní ibùjókòó tirẹ̀, akọ̀wé tirẹ̀, ohùn tirẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ, má kàn bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bi í pé àwọn wo ló jókòó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹja lè ti ẹnu àjọ tó ń rí sí oúnjẹ gbogbo ayé jáde, ó sì lè jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè etíkun tiwa nìkan. Bí o bá ti mọ ilé tó ti jáde, o ti mọ pẹpẹ tó wà. Àwọn àjọ yìí tún máa ń pààrọ̀ orúkọ. Kọ ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà èwe rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ti yí padà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ìwé kan tó sọ̀rọ̀ ẹrù àfọwọ́ṣe. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ fún un. Ó fi bọ àárín ẹní, ó gbọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tó máa padà dé, kò kí mi.

"Ọ̀gá Ìwé, ẹyin tí kò tíì pa lẹ fún mi, ẹ wá ní kí n lọ máa pè é ní adìyẹ."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Aṣọ́bodè kan kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní, màdáàmù, àbá ni èyí, ohun tí wọ́n gbé wá sí ìpàdé ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà gbọ́. Wọ́n ní ẹlẹ́ní ti di lọ́yà."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Mi ò bínú. Adìyẹ ni mo fẹ́."

Èkejì nìyẹn, ọmọ mi, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣubú. Àwọn àjọ yìí máa ń kọ nǹkan púpọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò. Àbá wà, àtúnṣe sí àbá wà, ọ̀rọ̀ tí aṣojú kan dìde sọ wà, lẹ́yìn náà ni èyí tí gbogbo wọn gbà. Gbogbo wọn ló jọra wọn lójú. Má kó èyíkéyìí fún ẹnikẹ́ni láìsọ fún un ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà tí wọ́n tẹ ìwé yẹn. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ bí àwọn ìjọba ṣe ń bá ara wọn jiyàn, àbá ló máa wúlò fún un. Ẹni tó gbé ẹrù dúró lójú okùn ibodè, ìpinnu ló ń wá. Ìwọ ni kí o mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí kò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Ìyá rẹ ló tún bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó jẹ́ akọ̀wé láàrin àwọn oníṣòwò Kutọnu sọ ọ́, ìyẹn sì wá a jáde fún un. Ó gbé e lé mi lórí tábìlì, odindi, ní èdè Faransé. Nínú gbogbo ilé ìkàwé wa, kò sí ẹni tó lè kà á ju òun náà lọ, Faransé ọjà sì ni tirẹ̀. Ọ̀gá wa ní ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti fẹ́ gbé e kí n tó rí nọ́ńbà kan ní igun òkè lápá ọ̀tún. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wà lórí gbogbo ìwé tó wà ní igun mi, mo sì ti ń pa á tì láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mo rò pé ti àwọn atẹ̀wé ni. Mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí àjọ náà, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi èyí tó ní nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. N kò kọ àkọlé, n kò ṣàlàyé púpọ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Fi nọ́ńbà yẹn ṣe ẹ̀kẹta. Àkọlé lè gùn, wọ́n lè túmọ̀ rẹ̀ ní oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Bí ìwé kan bá ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, nọ́ńbà ni kí o kọ́kọ́ kọ. Má sì kó èyí tó wà ní èdè mìíràn dànù pé òun náà ni. Níbi tí a wà yìí, ẹni tó gbọ́ Faransé lè jẹ́ aládùúgbò rẹ.

Kí ìwé náà tó dé, ìyá rẹ a máa yà ní gbogbo ọjọ́ ọjà. "Ó ti dé?" "Kò tíì dé." Á sọ ẹní kalẹ̀, á jókòó, á fún mi ní àgbọn, á bá mi wí nítorí Ègùn mi tí kò dán. Nígbà tó yá, n kò fẹ́ kí ìwé náà dé mọ́. Bó bá dé, kí ni ẹlẹ́ní tún fẹ́ wá wá? Ó dé ṣá. Ó gbé e lọ. Ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Àkùkọ ni, Ọ̀gá Ìwé. Ó kọ. Mi ò san kọ́bọ̀."

Wàá rí i pé ẹnu ibí yìí ni mo ti máa ń lọ sẹ́yìnkùlé.

O ní ẹnikẹ́ni kì í yà síbi ìwé rẹ. Ní igun tèmi, ẹnì kan ṣoṣo ló wá ní ọdún yẹn. Mo fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá rẹ di ẹsẹ̀ ilé ìkàwé wa lódìkejì ibodè. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gbálẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé kan ní Kutọnu. Bí àwọn aṣojú bá ṣe ìpàdé tán, wọn á fi ìwé sílẹ̀ lórí ìjókòó, wọn á bá ti wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣà wọ́n jọ, ìyá rẹ á fi ẹní ká wọn. Ìwé tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yìí ń dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyá, kí lẹ dì sínú ẹní?"

"Ìwé ni."

"Ìwé kí ni?"

"Èyí tí àwọn ọ̀gá yín jókòó sọ. Ẹ kà á kí ẹ lè mọ bí ẹ ṣe máa ṣe sí mi."

Ọmọkùnrin náà ṣí i, ó rí Faransé, ó ká a padà. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ, iṣẹ́ yín le ju tèmi lọ."

Nítorí náà, má jókòó máa retí àpò ìwé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́bàá yín ní Àbújá, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àjọ kọ̀ọ̀kan ṣe, tó ń lọ sí ìpàdé wọn, tí ìwé sì kún abẹ́ tábìlì rẹ̀. Wá a lọ. Kí i dáadáa. Béèrè ọmọ rẹ̀. Kọ̀wé sí àwọn àjọ náà pé ẹ fẹ́ máa gba ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi ránṣẹ́ bí ẹ bá ṣèlérí pé ilẹ̀kùn yín á ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Mú ìlérí yẹn ṣẹ. Bí ẹni tó gbé ẹrù lórí bá wọlé, fi àga fún un.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má bá a jà. Òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, inú mi sì dùn, nítorí ìyá rẹ ìbá má fi ẹsẹ̀ rin ìrìn tó rìn. Ṣùgbọ́n mo ti rí i kí n tó fẹ̀yìn tì: ojú ewé tó wà níbẹ̀ lánàá, lónìí wọ́n ní kò sí mọ́, nítorí àjọ náà tún ilé rẹ̀ kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ti àtijọ́ pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé síbẹ̀ rí. Mú ìwé kọ̀ọ̀kan, fi nọ́ńbà rẹ̀ wá a ní ojúlé àjọ náà gan-an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá wà níbẹ̀, tó pé, tó ṣeé kà, gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín, kọ ọjọ́ tí o gbà á, kí o sì jẹ́ kí bébà lọ. Bí kò bá sí, bébà dúró. Mo kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ kí ìwé lọ nígbà tó ti pẹ́ jù. Èmi ò fẹ́ kó ohunkóhun dànù, títí pẹpẹ fi kún, tí a fi ń kó ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ikán fi dé nígbà òjò. Ikán kì í ṣa èyí tó wúlò sílẹ̀. Nítorí náà, ìwọ ni kí o ṣà. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kan àwọn ènìyàn tó sún mọ́ yín: omi, oko, ojú ọ̀nà, ibodè. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Kò ní lè kọ̀ ọ́ tán.

Ó kù èyí tí mi ò lè dáhùn lórí fóònù.

Bí mo bá ní mi ò fẹ́ kí o wá, irọ́ ni. Òwúrọ̀ ló le jù. Mo ṣì máa ń sọ̀rọ̀ sókè kí n tó rántí. Bí mo bá lọ sí Apá lọ wo ojú oórì rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ á fún mi lóúnjẹ, wọn á sọ Ègùn sí mi, ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ á sì ṣẹ́ kù sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí a bá ń padà bọ̀. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ti dá wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Àbújá, tí ara ìyá rẹ kò yá, òun ló ní n kò gbọdọ̀ pè ọ́. Mo fi orúkọ Ègùn rẹ pè é. Mo ní, "Ìyá Sẹ́nàmì, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?" Ó yí ojú sí mi. "Bàbá Sẹ́nàmì, ẹ má fi ìdánìkanwà yín so ọmọ mi mọ́lẹ̀ o. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ní ẹsẹ̀ ń dùn yín."

Ẹsẹ̀ ń dùn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o rí i pé ó mọ̀ mí.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ṣe kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti fi yàrá rẹ háyà. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, láti Èkìtì, ló gbà á, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan létí títì márosẹ̀, ó sì kó wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Kì í dákẹ́. Lánàá ó yọjú sí ìsaasùn mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹ gbogbo ẹja yìí?" Mo bu fún un. Mo kó ẹrù rẹ sínú àpótí, aṣọ rẹ pé. Kò sí yàrá tìrẹ tí o máa padà wá gbé mọ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé wàá bínú. Bínú díẹ̀.

Bí wọ́n bá fún ọ nísinmi, máa bọ̀. Yàrá ìyá rẹ ni o máa sùn. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e jáde níbẹ̀, n kò lè wọ ibẹ̀. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí òjò dá, mo wọlé. Mo ṣí fèrèsé méjèèjì, mo gbá ilẹ̀, mo tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí ibùsùn. Mo jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò pa mí.

Kọ èsì ọ̀gá rẹ kí o tó kọ tèmi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.